Ẹsẹ Bíbélì Tí Fọlárìn Há Sórí

Ẹ ti fura: ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà nípa ìfara-ẹni-jìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun gan-an kò ní lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n Fọlárìn fẹ́ràn Àmọ̀kẹ́ lóòótọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò ti sọ títì Ajangbadi di odò lọ́jọ́ Àìkú náà. Fọlárìn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìbà, ó dúró gbọin lórí búlọ́ọ̀kù kan kí bàtà rẹ̀ tó ń dán má baà tutù. Ló bá rí ọmọbìnrin kan nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán nínú omi, ó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹní pọn ọmọ ọwọ́. Ìyá ń lé orin, ọmọ ń gbè é.

"Arábìnrin, ṣé kí n ràn yín lọ́wọ́?"

"Ẹ bá wa mú Bíbélì yìí dání," Àmọ̀kẹ́ ní. "Ìyẹn ò wúwo. Bàtà yín ò sì ní mọ̀."

Màmá, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn, rẹ́rìn-ín débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n já bọ́.

Láti ọjọ́ náà, Fọlárìn kì í yéé yà ní ṣọ́ọ̀bù tí Àmọ̀kẹ́ ti ń rán sùtánà ní Okokomaiko. A máa mú búrẹ́dì wá fún Màmá, a máa mú ẹsẹ Bíbélì wá fún ọmọ. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti Rúùtù, tí wọ́n máa ń pè é wá kà níbi ìgbéyàwó: Ibi tí ìwọ bá lọ ni èmi ó lọ. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ tún un kà, Bọ̀dá Fọlárìn. Oorun ti fẹ́ gbé mi lọ." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Àmọ̀kẹ́ dá ẹ̀rọ dúró, ó gbọ́ ọ dópin, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

Lọ́jọ́ tí Fọlárìn ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ìbéèrè kan ni Àmọ̀kẹ́ bi í.

"Màmá ńkọ́?"

"Àǹtí rẹ wà ní Ìjanikin. Olólùfẹ́ mi, a ó máa lọ kí wọn."

"Wọ́n pọ̀n mí nígbà tí mi ò lè rìn, Bọ̀dá."

"Mo gbọ́. Jẹ́ kí n gbàdúrà sí i."

Ó gbàdúrà. Ó gbààwẹ̀ pẹ̀lú, ó sì jẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ mọ̀. Kó tó ṣínu, Olúṣọlá, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti Àmọ̀kẹ́, ti jó irin tí Màmá lè dì mú mọ́ ara bẹ́ẹ̀dì wọn, ó sì ti ń pọ̀n wọ́n lọ sí ọsibítù.

Àmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún un pé Olúṣọlá lòun máa fẹ́. Omi wà lójú àwọn méjèèjì.

"Mo dúró dè yín, Bọ̀dá. Ẹ ò dé. Ẹ wá bá wa ka Bíbélì lọ́jọ́ ìgbéyàwó o. Kò sẹ́ni tó ń kà á bíi tiyín."

Fọlárìn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìyìn, kódà irú èyí.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun bí gbogbo èèyàn. Ilẹ̀ tutù. Ó rántí pé omi Ajangbadi ọjọ́ kìíní kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Olúṣọlá, tòun ti aṣọ ọkọ ìyàwó, pọn Màmá wọlé, ó rọra gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmọ̀kẹ́. Wòlíì ní kí Fọlárìn ka orí náà látòkè, ohun tí kò ṣe rí. Ẹsẹ rẹ̀ yẹn nìkan ló máa ń kà. Ó kà á, ó kà á débẹ̀, ó sì gbójú sókè wo Màmá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni Rúùtù ń bá sọ̀rọ̀.