Gíláàsì Tó Mọ́ Jù

"Bàbá Onífọ́tò, inú kámẹ́rà yín dọ̀tí o! Àfi bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyanrìn sí i."

Ọmọbìnrin náà kò tíì gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà tó fi ń sọ̀rọ̀. Ìmọ́tótó ni gbogbo ilé ń pè é, orúkọ náà sì rọ̀ mọ́ ọn. Kò lè rí àbàwọ́n kó jókòó. Bó bá wọ ilé onílé, ojú rẹ̀ á ti máa wá akísà kiri. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá dá, Ìmọ́tótó á fẹ́ gun àkàbà lọ nu ojú ọ̀run gbẹ.

Bàbá Onífọ́tò ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní yàrá iwájú. Lákòókò yìí, ó ń bá oníbàárà kan fà á, ó ń bẹ ọkùnrin náà pé kó tú ojú ká, pé fọ́tò ìwé ìrìnnà ni wọ́n fẹ́ yà, kì í ṣe ìjà ni wọ́n fẹ́ jà.

"Kò dọ̀tí," ló fi dáhùn láìbojúwẹ̀yìn. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi, màá ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ tó bá di ìrọ̀lẹ́."

"Ṣé kí n bá yín nù ún ni, sà?"

"Iwájú ẹ̀, nù ún bó ṣe wù ẹ́. Inú ẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ìmọ́tótó gbé kámẹ́rà náà wọnú ilé. Kámẹ́rà àtijọ́ ni, èyí tó ń lo fíìmù, tí èèyàn ń yọjú wò láti ẹ̀yìn, tó sì ń fọwọ́ yí lẹ́ǹsì títí ohun tó ń wò yóò fi là. Òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun, nítorí ìyá rẹ̀ ń lọ ní ọ̀túnla. Ó ríṣẹ́ sí òkè òkun, ọdún mẹ́ta gbáko ni kò sì ní padà wálé. Bàbá wọn ti kú. Inú fóònù kan ni gbogbo àwòrán bàbá náà wà, fóònù náà sì bọ́ sínú omi lọ́dún tó kọjá, ó sì kó gbogbo wọn lọ. Aláròyé, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, kò mọ bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe rí. Ìmọ́tótó ti wá búra nínú ara rẹ̀ pé ti ìyá kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán orí bébà ni òun máa yà, èyí tó ṣeé lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ọmọ náà lè máa wò ó lójoojúmọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ wá kí i. Òun náà yọjú wo kámẹ́rà.

"Háà! Ṣé inú àpò ṣúgà ni mò ń wò ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ Ìmọ́tótó! Ohun tí o fẹ́ fi ya màmá ẹ nìyí? Wọ́n á kàn dà bí ẹni tó yí nínú iyanrìn ni o!"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìmọ́tótó wọ egungun. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń lọ ló ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́rí, ó sì yọ lẹ́ǹsì kúrò níwájú kámẹ́rà. Ó rí ohun pẹlẹbẹ kan tó jọ gíláàsì lókè nínú rẹ̀, ike ni wọ́n fi ṣe é, irin tín-ín-rín kan ló sì dì í mú. Ó fi èékánná ti irin náà, gíláàsì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dán. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò jọ̀lọ̀ rárá, ó rí bíi bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró de ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ìyá ẹni ń lọ? Ó mú ọṣẹ ìfọyín, èyí tó máa ń fi ra ojú aago ọwọ́ rẹ̀ tó bá ti ní ìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra gíláàsì náà. Ó ra á, ó ra á, títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ń dán gbinrin. Ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó yọjú.

Gbogbo nǹkan mọ́ kedere! Ó yí lẹ́ǹsì sọ́tùn-ún, ó mọ́. Ó yí i sósì, ó ṣì mọ́. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà á lẹ́rù.

Nígbà tí Bàbá Onífọ́tò wọlé nírọ̀lẹ́, ó fa àga kan jókòó. "Ó yá, Ìmọ́tótó, wá gbọ́ ọ̀rọ̀ iyanrìn inú kámẹ́rà."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ó ti yé mi."

"Ó ti yé ẹ? Ìwọ ọmọ yìí mà lórí pípé o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ wẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìmọ́tótó kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sinmi. Ó yà á níbi tó ti ń ká aṣọ. Ó yà á níbi tó ti ń di irun Aláròyé. Ó yà á lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti fara ti ìlẹ̀kùn.

"Ṣé o ò ní jẹ́ kí n ráyè di ẹrù mi ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀dọ̀ mi."

Ìyá náà wò ó. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ rọra kúrò, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ojú rẹ̀ sórí. Ìmọ́tótó rí i ketekete. Ó tẹ kámẹ́rà, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé èyí ni ti ògiri.

Ìyá lọ. Ilé dákẹ́. Ìmọ́tótó, tí kì í fi aṣọ ìdọ̀tí sílẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ aṣọ ìbora ìyá rẹ̀, nítorí òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Aláròyé a máa lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Màmá ń bọ̀?" Àárò ìyá náà gba ọkàn Ìmọ́tótó débi pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àwòrán náà nìkan ló ń retí.

Nígbà tí Bàbá Onífọ́tò jáde láti inú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ àwọn àwòrán náà sórí tábìlì. Ògiri ẹ̀yìn là dáadáa. Ìṣó ara ìlẹ̀kùn là. Ṣùgbọ́n ìyá dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín nínú gbogbo wọn. Kò sí ojú, kò sí ètè.

Bàbá Onífọ́tò gbé kámẹ́rà, ó yọjú. Ó yí lẹ́ǹsì lọ, ó yí i bọ̀.

"Ta ló kan inú kámẹ́rà yìí?"

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. "Èmi ni, sà," ni Ìmọ́tótó wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Wò ó," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Tí wọ́n bá fẹ́ fi sinimá hàn, aṣọ funfun ni wọ́n ń ta, àbí? Tó bá jẹ́ gíláàsì tó mọ́ gaara ni wọ́n gbé síbẹ̀ ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ á kàn kọjá lọ ni, kò ní ríbi bà lé. Ohun tí o pè ní iyanrìn yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Lórí ẹ̀ lo ti máa rí i pé nǹkan ò tíì là, kí o tó yí lẹ́ǹsì. Nígbà tí o ti ra á dànù, o ò lè mọ̀ pé ara ògiri ni lẹ́ǹsì ti là, kì í ṣe ara màmá ẹ; ojú ẹ ló ń tún àṣìṣe ṣe fún ẹ. Ojú lè tún un ṣe. Fíìmù ò lè tún un ṣe."

Aláròyé na ìka sí àwòrán ẹnu ọ̀nà. "Ta nìyẹn?"

Ìmọ́tótó da àwòrán náà dojú dé.

Nígbà tí ìyá wọn pè lórí fóònù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó béèrè ni, "Àwọn fọ́tò wa ńkọ́?" Ìmọ́tótó lè sọ pé fíìmù náà ló bàjẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó wá béèrè.

"Ṣé ilé wa hàn níbẹ̀?"

"Ó hàn, mà. Ilé là dáadáa. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò là."

"Fi í ránṣẹ́ sí mi. Èmi mọ ojú ara mi. Ilé ni mi ò rí mọ́."

Bàbá Onífọ́tò fi fóònù rẹ̀ ya èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìyá tún pè, ẹkún àti ẹ̀rín ti dàpọ̀ nínú ohùn rẹ̀. "Mo rí ìṣó tí bàbá yín kàn mọ́ ìlẹ̀kùn! Mo rí i!"

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí, mà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo mọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá jọ ìdọ̀tí lójú wa ni ìdọ̀tí. Òmíràn wà níbẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ náà ló yẹ ká bi. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní kí Ìmọ́tótó dúró dè. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ náà sì dé, tí àlàyé fa àga wá bá a jókòó, ó ní ó ti yé òun.

Àwòrán ẹnu ọ̀nà náà wà lára ògiri wọn. Bí Aláròyé bá tún na ìka sí i, tó béèrè ẹni tí kò lójú yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a gbé e mọ́ra.

"Màmá wa nìyẹn," ni yóò wí. "Wọ́n lójú. Èmi ni mi ò béèrè."