Ẹ̀ríolúwa àti Àlejò Southmere

Bàtà lọ́wọ́ kan, ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ni ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìkàwé Woolwich ní London nígbà tí Ẹ̀ríolúwa kọ́kọ́ rí i. Òjò ti pa á dé egungun. Ó ń fún ìbọ̀sẹ̀ náà bí ẹni ń fún ewúro, omi ń ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń bẹ kápẹ́ẹ̀tì ọ̀hún pé kó má bínú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ẹ̀ríolúwa kó tó rántí pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ma," ọkùnrin náà wí. "Ó kéré tán, ẹnìkan jèrè nínú òjò yìí."

Nọ́ọ̀sì ni Ẹ̀ríolúwa. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, kò sì tíì lọ́kọ. Kíláàsì tó ń wá ṣe nílé-ìkàwé náà lọ́jọ́ Sátidé nìkan ni ohun tó ń ṣe tí kì í ṣe ti iṣẹ́ tàbí ti ìyá rẹ̀. Auntie Waheedah, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ wọn ní ìtàn àwọn òrìṣà àti àwọn akọni Gíríìkì ayé àtijọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin yìí, Fọlọ́runṣọ́, kàn sá wọlé fún òjò ni. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀ríolúwa, kò sì dìde mọ́.

"Àwọn akéwì wọn kì í dárúkọ akọni lásán," Auntie Waheedah ń wí. "Ẹlẹ́sẹ̀-bí-ẹ̀fúùfù lónìí, ẹlẹ́sẹ̀-bí-ẹ̀fúùfù lọ́la. Bí oríkì tiwa náà ni. Ó yá, kí kálukú ki ẹni tó jókòó tì í."

Fọlọ́runṣọ́ yíjú sí i. "Ẹ̀ríolúwa, a-rẹ́rìn-ín-bí-ẹni-jẹran-inú-ìkòkò."

"Fọlọ́runṣọ́," lòun náà dá a lóhùn, "a-bá-kápẹ́ẹ̀tì-sọ̀rọ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀ríolúwa kò gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Fọlọ́runṣọ́ ń ṣe ní Plumstead. Bó bá ti parí iṣẹ́, á wá pàdé Ẹ̀ríolúwa ní adágún Southmere, wọn á rìn yí i ká, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wó àwọn ilé kọnkéré àtijọ́. Bí otútù bá mú, Fọlọ́runṣọ́ á gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú àpò kóòtù tirẹ̀. Ó ti sọ fún un pé òun níyàwó rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n àbúrò òun ti fi tó òun létí pé obìnrin náà ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní òun ti sunkún rẹ̀ tán. Ẹ̀ríolúwa gbà á gbọ́.

"Òrìṣà Gíríìkì!" ni Mummy, ìyá Ẹ̀ríolúwa, figbe ta nílé rẹ̀ ní Shooters Hill. "A sá fún ti ilé, ìwọ wá lọ ń kọ́ ti òkèèrè! Ibẹ̀ náà lo tún ti rí ọkọ. Físà ni ọkùnrin yẹn fẹ́, kì í ṣe ìwọ."

"Mummy, ẹ wo ojú mi. Ṣé ẹ ti rí i báyìí rí?"

Mummy wò ó títí. Kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí òjò dídì ọdún náà lọ tán, ìjọba gba ìwé àṣẹ àtigba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó mú Fọlọ́runṣọ́ wá sí London. Iṣẹ́ bọ́, físà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó kó wá sí yàrá kejì nílé Ẹ̀ríolúwa, tó kọjú sí adágún. Níbi tí wọ́n ti jọ ń bẹ iṣu ni Ẹ̀ríolúwa, tó ti gba ìwé ọmọ onílùú tipẹ́, ti là á mọ́lẹ̀.

"Fẹ́ mi. Bí o bá fẹ́ mi, kò sẹ́ni tó máa lé ọ mọ́ láyé."

Fọlọ́runṣọ́ mú iṣu náà dání pẹ́. "Mo gbà, adé orí mi." Ẹ̀ríolúwa rò pé ayọ̀ ló gbà á lóhùn. Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Fọlọ́runṣọ́ fi òrùka sí i lọ́wọ́, Mummy náà sì rọ̀, ó ra aṣọ léèsì.

Ní Sátidé kan ṣáájú ìgbéyàwó náà, Auntie Waheedah sọ ìtàn òrìṣà obìnrin kan tó ń dá gbé ní erékùṣù láàárín òkun.

"Ìjì gbé akọni kan bá a, ọkọ̀ rẹ̀ ti fọ́. Ó bọ́ ọ, ó gbà á sílé, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, 'Dúró tì mí, o ò ní kú láéláé.' Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń jókòó létí òkun, tó ń wo ọ̀nà ilé, tó ń sunkún ìyàwó rẹ̀. Níkẹyìn, òrìṣà náà fún un ní àáké, ó fi igi hàn án, ó ní kó kan ọkọ̀ kó máa lọ."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà?" Ẹ̀ríolúwa béèrè.

"Akéwì kò sọ. Ọkùnrin náà ló ń bá lọ."

Nígbà tí Ẹ̀ríolúwa máa yíjú, Fọlọ́runṣọ́ ti jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Ẹ̀ríolúwa rò pé àwọn tó fẹ́ se oúnjẹ ìgbéyàwó ni, ló bá gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, ma," ohùn obìnrin kan wí, ohùn tó rọ̀ bí òwú. "Ṣé ẹ̀yin ni landlady wọn?"

Ẹ̀ríolúwa wo òrùka ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni."

"Háà, ẹ ṣé o, ma. Wọ́n ní ẹ̀ ń tọ́jú wọn bí ọmọ ìyá. Èmi ni Moráyọ̀, ìyàwó wọn. Àwọn ẹbí mi ní kí n lọ fẹ́ ẹlòmíràn, mo ní ọkọ mi ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ bá mi rí i pé wọ́n ń jẹun dáadáa."

"Mo gbọ́," Ẹ̀ríolúwa wí. "Mo gbọ́."

Fọlọ́runṣọ́ jáde, ọṣẹ ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó rí fóònù lọ́wọ́ Ẹ̀ríolúwa.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé Moráyọ̀ kò fẹ́ ẹnikẹ́ni?"

"Láti Kérésì. Òun àti àbúrò mi ló jà, àbúrò mi wá fi irọ́ gbẹ̀san."

"Láti Kérésì. O wá jẹ́ kí ìyá mi ra aṣọ."

"Mo fẹ́ràn rẹ, Ẹ̀rí. Ìyẹn kì í ṣe irọ́."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn." Ó gbé fóònù náà sílẹ̀. "Ṣé ó wù ọ́ láti lọlé?"

"Mo ti ṣèlérí fún ọ. Màá dúró."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ìlérí."

Ọkùnrin náà yíjú sí adágún. Omijé rẹ̀ ń gba inú ọṣẹ kọjá.

Ẹ̀ríolúwa lè mú un dání. Ó rò ó níbi iṣẹ́, ó rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Á jẹ́ ọkọ rere, á máa fọ abọ́, á máa dá a lẹ́rìn-ín, á sì máa dúró lójú fèrèsé, á máa wo ọ̀nà ilé ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ìbínú gbé e dé ibi tó fi fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn obìnrin yẹn ni kò jẹ́.

Mummy, tí kò fẹ́ ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀, ló wá ń bá a jà. "Mú un dání! Obìnrin tó wà lókè òkun ló ni ọkọ tó wà lókè òkun."

"Mummy, mo ti bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pè mí ní ma."

Ẹ̀ríolúwa fúnra rẹ̀ ló di ẹrù fún Fọlọ́runṣọ́. Òun ló sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin Abbey Wood, níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ tààrà sí pápákọ̀ òfuurufú Heathrow.

"Màá pè ọ́ bí mo bá dé," Fọlọ́runṣọ́ wí. "Kí o kàn mọ̀ pé mo gúnlẹ̀ láyọ̀."

"Má pè mí. Bí o bá pè, màá gbé e. Bí mo bá gbé e, màá ní kí o padà wá. O sì máa wá."

Fọlọ́runṣọ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì gbé iwájú orí lé wọn, títí ọkọ̀ fi dé.

"Mi ò ní pè," ó wí.

Nínú gbogbo ìlérí tó ṣe fún un, ọ̀kan yẹn nìkan ló mú ṣẹ.