Òórùn Ẹja Ní Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ Ìyàwó

Ó ti rẹ Táhánì kí ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wúwo bí ojú ẹni tí ó bá ẹlòmíràn ṣọ́ òru. Síbẹ̀, aago mẹ́wàá kò tíì lù tó fi gbé ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Ṣáúkì, ọ̀gá rẹ̀, sókè.

Kùránì orí rédíò ló kọ́kọ́ kí i. Rédíò yẹn kì í sinmi. Bí Àlàájì bá ń ti ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń fi í sílẹ̀ kó máa kà, bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò Báhárì ṣe máa ń ṣe, kí ìbùkún má baà ṣí kúrò níbẹ̀, kí olè má sì gbójú lé e. Wáyà kan náà ló sì gbé rédíò àti iná fèrèsé ìpàtẹ. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan, èkejì á kú. Nítorí náà, tọ̀sán tòru, wọn kì í pa méjèèjì.

Ohun kejì tó kí Táhánì ni òórùn ẹja.

“Múrísì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn,” ló sọ fún ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn, lójú pópó kejì, ni Múrísì ti ń dín ẹja tà. Ní Alẹkisáńdíríà létí òkun, ta ni yóò máa béèrè ibi tí òórùn ẹja ti wá? Ó tó ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń gbóòórùn rẹ̀, kò kà á sí.

Ó lọ sídìí fèrèsé ìpàtẹ, ó ń wo aṣọ ìyàwó tó wà láàárín, lára ọmọlangidi tí kò lórí. Tirẹ̀ gan-an ni. Ọdún mẹ́fà ló fi rán an, ìlẹ̀kẹ̀ kan lónìí, òmíràn lọ́la, ní gbogbo ìgbà tí òun àti Wágídì, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, fi ń wá ilé tí wọn yóò kó sí. Wọ́n ti rí ilé báyìí. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àlàájì ló bẹ̀ ẹ́ pé kí aṣọ náà ṣì dúró síbẹ̀: “Táhánì ọmọ mi, bí ṣúgà ṣe ń pe eèrà ni aṣọ yìí ń pe oníbàárà.”

Wágídì wọlé, ó gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà gbígbóná lọ́wọ́. Oníṣẹ́ iná ni níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ibi iṣẹ́ òru ló sì ti ń bọ̀.

“Ìyàwó mi tí kò tíì ṣe ìyàwó, wá jẹun.”

“Ọkọ mi olójú pípọ́n bí ata, ṣé o tiẹ̀ sùn?”

“Tí mo bá ti gbé ọ wọlé, oṣù mẹ́ta ni mo máa fi sùn.”

“Irọ́ ni o! Ta ló máa fọ abọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tó ti rẹ̀. Lójijì Wágídì fa imú.

“Ta ló ń dín ẹja?”

“Múrísì ni. Àbí ta ni ì bá tún jẹ́?”

“Múrísì kẹ̀? Ọmọ rẹ̀ bímọ nílùú Tántà, ó ti lọ láti ọjọ́ Ajé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Àgádágodo ló wà níbẹ̀.”

Táhánì gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó ń fa imú tọ òórùn náà títí dé ìdí fèrèsé ìpàtẹ.

Wágídì sáré sí síwíìṣì àgbà, ó pa á. Rédíò dákẹ́. Táhánì kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Wágídì ká kápẹ́ẹ̀tì fèrèsé náà. Wáyà tín-ín-rín kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti so ó pọ̀ níbi mẹ́rin, ike tí wọ́n fi wé ojú ìsopọ̀ ti yọ́. Orí wáyà márùn-ún ló rọ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo bí ọmọ ajá ṣe ń du ọmú. Òwú funfun tí wọ́n fi ṣe ìkùukùu ẹ̀ṣọ́ sì bo gbogbo rẹ̀. Etí aṣọ Táhánì tó sún mọ́ gílóòbù ìsàlẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àkàrà tó fẹ́ jóná.

“Ta ló pa Kùránì nínú ṣọ́ọ̀bù mi?” Àlàájì Ṣáúkì ló dé yẹn.

“Èmi ni, Àlàájì. Ẹ má bínú.”

“Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, rédíò yìí ò dákẹ́ rí! Ṣé o fẹ́ lé ìbùkún jáde ni?”

“Ẹ fọwọ́ kan ibí yìí, sà.”

Àlàájì fọwọ́ kàn án, ó fà á padà kíá. “Ó gbóná!”

“Mo ti paná o, bẹ́ẹ̀ ló ṣì gbóná tó yìí. Wáyà yìí kéré sí ẹrù tí ẹ gbé lé e lórí. Tí ike ara wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń jó díẹ̀díẹ̀, ó máa ń rùn bí ẹja nígbà mìíràn. Òun la ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí.”

Àlàájì nu ojú. “Àsìkò ìgbéyàwó la wà. Ta ló máa yà sí fèrèsé tó ṣókùnkùn? Tí àsìkò bá parí, a ó tún un ṣe. Tan án padà.”

“Àlàájì, ó ti rẹ̀ mí.” Táhánì ló sọ ọ́, kò pariwo. “Ọdún mẹ́fà lèmi náà fi ń sọ pé ó di ìgbà tí àsìkò bá parí. Àsìkò kì í parí. Ìdílé mẹ́rin ló ń sùn lórí òkè wa. Tí ẹ bá tan iná yẹn, mo máa bọ́ aṣọ mi kúrò lára ọmọlangidi yẹn, mo máa bá tèmi lọ.”

Àlàájì wo etí aṣọ tó pọ́n náà títí. Ó jókòó sórí àpótí. Ó wá yíjú sí rédíò. “Rédíò wá ńkọ́?”

“Ẹ fi bátìrì sí i, sà,” ni Wágídì wí. “Kùránì ò ní kí ẹ fi wáyà jíjẹrà gbé òun.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àlàájì láìròtẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde lọ ra bátìrì.

Ọjọ́ méjì ni fèrèsé náà fi ṣókùnkùn. Wágídì fa wáyà nínípọn tuntun, ó fún ìpàtẹ ní síwíìṣì tirẹ̀, ó sì fi gílóòbù tí kì í gbóná rọ́pò ti àtijọ́. Táhánì gé etí aṣọ rẹ̀, ó rán an padà.

“Ó ti kúrú,” ló wí. “Ẹsẹ̀ mi á hàn.”

“Jẹ́ kó hàn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ yẹn kiri.”

Ìwọ oníṣọ́ọ̀bù, a mọ̀ pé ó ti rẹ ìwọ náà, a sì mọ̀ pé ọjà ò dúró de ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì ìpàtẹ rẹ wò lónìí. Má fi aṣọ tàbí òwú bo wáyà, má sì jẹ́ kí aṣọ sún mọ́ gílóòbù. Má kó orí wáyà púpọ̀ sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Wáyà tí wọ́n ti so káàkiri, pààrọ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó níwèé àṣẹ ni kó bá ọ ṣe é. Pa iná ìpàtẹ kí o tó lọ sílé. Bí iná bá sì ṣẹ́ yọ, má da omi sí i: bí síwíìṣì àgbà bá wà ní àrọ́wọ́tó, pa á, kó gbogbo èèyàn jáde, kí o sì pe àwọn panápaná.

Bí o bá sì gbóòórùn ẹja níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti dín ẹja, má wá ẹja kiri. Pa iná.