Òpó Ajẹfun ti Orí-Ìgbì

Òpó ń jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ní Orí-Ìgbì, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sórí òkun lẹ́yìn tí omi ti gbé gbogbo etíkun mì, òpó tó gbé ìlú dúró ń jẹun bí èèyàn, ó sì ń sanra. Bí ọkọ̀ òṣùpá, ìyẹn ọkọ̀ tó ń ti òṣùpá kó ẹrù wá, bá fẹ̀gbẹ́ gbá a, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á jinná fúnra rẹ̀.

Morólákẹ́, ọmọ Baálẹ̀ Orímisàn, ló ṣe é. Nígbà tó wà ní kékeré, òpó igi ni èbúté wọn fi dúró. Kòkòrò omi jẹ igi náà láti inú, èbúté wó lọ́jọ́ ọjà, ó sì gbé ìyá Morólákẹ́ lọ. Ọmọ náà kàwé dé ibi tí ìwé ń dé. Ó mú díẹ̀ lára egungun ẹja ńlá kan, ó tún ẹ̀dá rẹ̀ dá, ó gbìn ín sí ìsàlẹ̀ òkun, òpó funfun sì hù jáde. Ẹfun ni oúnjẹ rẹ̀, ohun funfun tó ń mú ìkarawun àti egungun le. Wọ́n sọ ọ́ ní òpó ajẹfun.

Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n àwọn ará Orí-Ìgbì kì í fi nǹkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ, wọ́n á yan òpó kan fún un, ìdílé rẹ̀ á máa lọ ìkarawun ìṣáwùrú kúnná, wọ́n á máa dà á sí ìdí òpó náà. Òpó ọmọ ta ló sanra jù? Ìjà wà níbẹ̀! Ẹni tí òpó ọmọ rẹ̀ bá rù, ojú á tì í láwùjọ. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbẹ́yìn. Àràárọ̀ ló ń bọ́ òpó Ìtùnú, ọmọ Morólákẹ́, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tó ní.

Nígbà tó yá, ìṣáwùrú tán lókun, òpó kò sì yé sanra.

Kí ni wọ́n wá ń jẹ? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí Morólákẹ́ jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí èbúté, nítorí Ìtùnú ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò tíì dìde rí. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ náà, ìjókòó ni gbogbo wọn wà. Ó gbé ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ awo-egungun, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sáré lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tí òun àti àwọn ará ìlú péjọ sí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa àwọn òpó yìí. Gbogbo wọn.”

“Kí lo wí?”

“Ebi ń pa wọ́n. Itọ́ tí wọ́n fi ń yọ́ ìkarawun ni wọ́n ń dà káàkiri inú omi, ó ti wọ omi tí à ń mu. Ó ń mú egungun àwọn ọmọ rọ̀ láti inú oyún wá.”

Máfimísẹ́bi, ọlọ́kọ̀ tó lówó jù nílùú, fò dìde. “Ìwọ lo ṣe é, ìwọ náà lo fẹ́ pa á? Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ ni ìlú yìí, tí o ń gbé kaná tí o tún ń sọ̀ kalẹ̀? Àwọn ọmọ tèmi ti rìn, wọ́n ti dàgbà! Ẹ máa pọn omi wá láti ibòmíràn.”

“Ibo ni ibòmíràn, Bàbá? Gbòǹgbò àwọn òpó yìí ti ń nà dé èbúté àwọn ẹlòmíràn. Bí a bá sá fún wọn, wọn á máa tẹ̀lé omi lọ ni,” Morólákẹ́ dá a lóhùn.

“Bí wọ́n bá wá kú ńkọ́?” Baálẹ̀ ló bèèrè.

“Wọn á wó, Bàbá. Orí-Ìgbì á wọ omi.”

Baálẹ̀ mi orí. “Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé òkú ìyá rẹ. Èmi náà ni kí n tún wó èbúté?” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Morólákẹ́, bí a bá pa wọ́n, ṣé Ìtùnú á rìn?”

Háà, irọ́ ìbá dùn ún pa lọ́jọ́ náà! Morólákẹ́ mọ̀ pé bí òun bá ti lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá òun kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Rárá, Bàbá. Ti Ìtùnú ti bọ́. Àwọn tí a kò tíì bí ló kù tí a lè gbà.” Ó bú sẹ́kún.

“Ẹ gbọ́ o!” Máfimísẹ́bi pariwo. “Nítorí ẹni tí kò tíì dáyé!”

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn obìnrin, ó rọra kúnlẹ̀ tòun ti oyún. “Bàbá, èyí tó wà nínú mi ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ yín ni.”

Máfimísẹ́bi wo ikùn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó padà jókòó.

Baálẹ̀ gba ìgò oògùn tí Morólákẹ́ ti ṣe láti fi pa òpó lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìwọ kọ́ ló máa dà á. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ láéláé pé ìwọ lo wó o.” Ó dà á sí ìdí òpó àkọ́kọ́, ó sì ní kí oníkálukú kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, pé kí oòrùn tó wọ̀ kò ní sí Orí-Ìgbì mọ́. Gbòǹgbò gbé oògùn náà láti òpó dé òpó. Ariwo sọ: ẹkún lọ́tùn-ún, èpè lósì, àwọn kan ń pe orúkọ Baálẹ̀ sí burúkú. Ilẹ̀ èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Baálẹ̀ pọn Ìtùnú. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà ń sáré kọjá lára wọn, ẹsẹ̀ wọn ń dún gbì-gbì-gbì lórí pákó, àwọn kan tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, eré ni wọ́n pè é. Ìtùnú ń yí ọrùn tẹ̀lé wọn. Ó fa etí bàbá rẹ̀ àgbà.

“Bàbá Àgbà, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Èmi náà fẹ́ sáré.”

“Ó dáa, ọmọ mi,” ni Baálẹ̀ wí. Ó fún ọ̀já náà le, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀.