Àtọ̀ Sultan Tó Pòórá ní Oko Wiersma

Wọ́n ti jí àtọ̀ Sultan lọ. Ìdérí àgbá tí wọ́n ń pa á mọ́ sí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èéfín funfun sì ń rú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ó ń hó, bẹ́ẹ̀ ni omi inú rẹ̀ tutù ju yìnyín lọ. Ó pẹ́ tí Sultan, akọ màlúù tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Ontario, ti kú. Àwọn ọ̀pá ike tín-ín-rín tí àtọ̀ rẹ̀ wà nínú wọn nìkan ló ṣẹ́ kù, inú omi tútù yẹn ni wọ́n sì ń gbé. Nísinsìnyí, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Sájẹ́ǹtì Lorna Tiessen wo àgbá náà pẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Òjò kò dá láti àárọ̀, orúnkún ń ro ó, ó sì kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Ilé ẹlẹ́ran wàrà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Òórùn yàrá náà kò ṣàjèjì sí i.

"Eusebio, òṣìṣẹ́ mi, ni," ni Harm Wiersma, olóko náà, wí. "Òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn nígbà tí àwọn àlejò ń wo ibí?"

"Rárá. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde."

"Kí la wá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe?"

Wiersma wo bọ́ọ̀sì tó dúró níta.

Àwọn ẹlẹ́ran wàrà láti Wisconsin ni àwọn àlejò náà. Ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ni wọ́n bá wá sí Kánádà. Wọ́n ti wo ilé iṣẹ́ wàràkàṣì lánàá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfúnwàrà ló kàn. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n jókòó sí báyìí, tí wọ́n ń retí kí ọlọ́pàá dá wọn sílẹ̀. Níwájú wọn ni Wiersma ti pe Eusebio lólè tí ó sì ní kí ó di ẹrù rẹ̀. Oko yìí nìkan ni ìwé àṣẹ Eusebio fún un láyè láti ti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá lé e níbí, Guatemala ló ń padà sí.

Eusebio dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ibo lẹ máa ń fi ìbọ̀wọ́ sí?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí àlejò kò ti lè rí i. Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ.

"Na ọwọ́ rẹ kí n rí i."

Ọwọ́ rẹ̀ le, ó sì mọ́. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀.

"Àgbá kékeré tí ẹ fi ń gbé àtọ̀ ròde ńkọ́?"

"Òun nìyẹn lábẹ́ tábìlì, Màdáàmù. Òfìfo ni."

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀, ó sì gba inú òjò lọ sí bọ́ọ̀sì.

Curtis Voigt, tó ń ta àtọ̀ màlúù ní Wisconsin, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi lẹ máa fura sí, mo mọ̀. Ẹ wá tú àpótí yìnyín mi."

Bíà àti yìnyín ló wà níbẹ̀. Yìnyín lásán kò sì lè pa àtọ̀ mọ́.

"Ẹ fẹ́ ra ti Sultan rí?"

"Ta ni kò fẹ́ ra á? Wiersma ò tà fún ẹnikẹ́ni. Ahun ni."

Darla Haugen, olórí ìrìn-àjò náà, tú báàgì tirẹ̀ fúnra rẹ̀: aṣọ, oògùn ẹ̀fọ́rí, bísíkíìtì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ, Ọ̀gá," ni ó wí. "Ẹ̀yin ará bọ́ọ̀sì, ẹ rọra mu kọfí yín o, ọ̀nà jìn. Bàbá Norbert nìkan ni kò ní ìṣòro. Kọfí Wiersma ni wọ́n ń mu ní kíṣìnì látàárọ̀. Bàbá, fúláàsì tiyín ńkọ́, ẹ fẹ́ fi ṣe ogún fún wa ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Norbert Kuehl, àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú àpò. Fúláàsì rẹ̀ dúró ṣánṣán láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ kàn wà lórí rẹ̀ ni. Kò yí i mọ́lẹ̀.

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá, bọ́ọ̀sì máa tó gbéra. Ẹ jẹ́ n bá yín dé e dáadáa."

Ó di ìdérí náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ọwọ́ tó wà nínú àpò já wá, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má dé e," ni Norbert wí. "Á bú mọ́ yín lọ́wọ́."

Sájẹ́ǹtì wo ọwọ́ náà. Ìléròrò funfun wà lórí àwọn ìka tó di Sájẹ́ǹtì mú.

"Nílé bàbá mi," ni Sájẹ́ǹtì wí, "bí aládùúgbò bá fẹ́ gba ọ̀pá kan lọ́wọ́ wa, a máa ń bu omi àgbá sínú fúláàsì kọfí fún un. A kì í dé e pinpin, torí omi náà ń di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì fọ́ ọ. Ìbọ̀wọ́ Wiersma gbẹ, Bàbá. Ọwọ́ lásán ni olè fi yọ ọ̀pá wọ̀nyẹn, omi náà sì jó o. Ọwọ́ Eusebio mọ́."

Norbert fi ọwọ́ Sájẹ́ǹtì sílẹ̀.

"Oko mi ni wọ́n bí ìyá Sultan sí. Hildy lorúkọ rẹ̀. Mo tà á fún Wiersma. Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, iná jó ilé ẹran mi. Gbogbo ẹbí Hildy ló kú síbẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí bàbá mi sìn mọ́ láyé, àfi nínú fúláàsì yìí. Mo bẹ Wiersma títí. Ó ní òun ò tà."

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ lé ọmọkùnrin yẹn?"

"Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè é lólè." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo jókòó síbí."

Sájẹ́ǹtì fi òfin mú un, ó sì gbé fúláàsì náà rọra padà sínú yàrá. Nígbà tí Wiersma gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fún fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Àkókò ìfúnwàrà ti kọjá; àwọn màlúù ń ké.

"Ó dáa," ni ó sọ fún Eusebio. "Gbé àpò rẹ wọlé. Ó yá, wọ́n ń dúró dè ẹ́."

Eusebio kò mira. "Níwájú bọ́ọ̀sì lẹ ti pè mí lólè, Ọ̀gá. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti sọ pé èmi kọ́."

Wiersma wo òjò. Ó wo Sájẹ́ǹtì.

"Orúnkún ń dùn mí, Ọ̀gbẹ́ni Wiersma," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ jẹ́ ká tètè lọ."

Wiersma lọ. Ó gun bọ́ọ̀sì náà, omi ń kán lórí rẹ̀, ó sì sọ ọ́: Eusebio kò jalè; irọ́ ni òun pa mọ́ ọn. Eusebio dúró nínú òjò lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì títí ọ̀rọ̀ náà fi parí. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ bàtà ìrìn-àjò rẹ̀, ó wọ bàtà òjò, ó sì lọ fún wàrà àwọn màlúù náà.