Tẹjúmọ́lá Jókòó Jẹ́ẹ́

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ojú Tẹjúmọ́lá pàdé ojú ìyá àgbà kan.

Èrò pọ̀ ní ọsibítù kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Wọ́n ń tì síbí, wọ́n ń tì sọ́hùn-ún. Tẹjúmọ́lá kò mọ ìyá náà rí. Ìyá náà kò mọ òun náà rí. Síbẹ̀, ìyá náà kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Omijé wà lójú ọmọbìnrin kékeré náà. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.

“Ìyàwó mi,” ni ìyá náà wí, “ta lo kọ lẹ́tà sí?”

“Dádì mi ni, mà.”

Dádì Tẹjúmọ́lá máa ń yọ́ irin ní kọ́ńpìnì. Lọ́jọ́ Ajé, irin gbígbóná ta sí i lára. Ó jó o lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó jó o láyà.

Lánàá, Tẹjúmọ́lá wọlé lọ kí i. Ó rí báńdéèjì. Ó figbe ta. “Yéè! Yéè!”

Dádì fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Egbò náà ya. Ẹ̀jẹ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì Adéjọkẹ́ mú Tẹjúmọ́lá síta. “Bí o kò bá lè ṣe jẹ́ẹ́, o ò ní wọlé mọ́.”

Lọ́la, wọ́n á gbé Dádì lọ sí Abẹ́òkúta fún iṣẹ́ abẹ. Òní nìkan ló kù.

“Ara mi ò dúró, mà,” ni Tẹjúmọ́lá wí. “Mo ní kó dúró. Kò gbọ́.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ara máa ń gbọ́ ariwo? Ṣe la máa ń fi í jókòó. Wá síbí.”

Ìyá Gbọ́ládé ni wọ́n ń pe ìyá náà. Kọ́ńpìnì ìgò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń jókòó síwájú iná funfun kan. Ìgò á máa kọjá. Kìn, kìn, kìn. Èyí tó bá sán, á mú un kúrò.

“Bí ọkàn mi bá rìn lọ,” ni ó wí, “ìgò tó sán á kọjá. Á lọ gé ẹlòmíràn lẹ́nu.”

Tẹjúmọ́lá jókòó sórí bẹ́ńṣì.

“Gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀, mà.”

Ìyá Gbọ́ládé ti kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ náà. “Ó ti kàn án. Na ẹ̀yìn. Gbé ọwọ́ lé itan. Sọ ojú kalẹ̀.”

Tẹjúmọ́lá na ẹ̀yìn. Ó na ọrùn. Ó di ojú pinpin. Ó sé èémí.

“Háà! O ti wú bí ọ̀pọ̀lọ́!”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tẹjúmọ́lá. Èémí jáde. Fùú.

“Ìyẹn gan-an! Na ẹ̀yìn, àmọ́ má di pákó. Jẹ́ kí èjìká sọ̀. Èémí wọlé, ìgò kan. Èémí jáde, ìgò kan. Òun nìkan ni kí o máa wò.”

Hùú. Ìgò kan.

Fùú. Ìgò kan.

Tírélà kan fọn fèrè lóde. Páááám!

Ọkàn Tẹjúmọ́lá sá lọ. Ó sá tẹ̀lé tírélà. Ó sá dé kọ́ńpìnì irin. Ó rí iná.

“Ọkàn mi ti lọ, mà!”

“Tèmi náà ń lọ. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń wo ìgò, ó ṣì ń lọ. Má nà án. Pè é.”

“Ọkàn, padà wá,” ni Tẹjúmọ́lá wí jẹ́jẹ́.

Hùú. Fùú.

Wọ́n ti ọkùnrin kan kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń kérora. Ọkàn tún sá lọ.

“Ọkàn, padà wá.”

Hùú. Fùú.

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ta lẹ wá wò?”

Ìyá Gbọ́ládé gbójú sókè, ó wo ilẹ̀kùn yàrá.

“Gbọ́ládé mi ni. Ó dákú, kò tíì lajú.”

Tẹjúmọ́lá sún mọ́ ọn. Ìyá àgbà náà na ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì sọ ojú kalẹ̀.

Hùú. Fùú. Hùú. Fùú.

Ilẹ̀kùn ṣí. “Ìwọ ọmọ yìí,” ni Nọ́ọ̀sì Adéjọkẹ́ wí, “ṣé o ti ṣe tán?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Kò sáré. Ó rọra wọlé.

Báńdéèjì náà ṣì tóbi. Òórùn òògùn gba gbogbo yàrá. Mọ́mì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ bo ẹnu.

Igbe dé ọ̀fun Tẹjúmọ́lá. Ọkàn ti fẹ́ sá.

“Ọkàn, padà wá.”

Ó jókòó sórí àga. Ó na ẹ̀yìn. Èjìká sọ̀. Hùú. Fùú. Igbe náà yí padà, ó lọ sílẹ̀.

Dádì ń wò ó. Ó ń dúró de igbe. Kò gbọ́ nǹkan kan.

“Tẹjú mi,” ni Dádì wí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì. Mo kọ lẹ́tà sí yín.”

Dádì na ọwọ́ tí kò jó. Ó rọra nà án, díẹ̀díẹ̀.

“Ọwọ́ òsì ni mo máa fi gbà á o. Má lọ sọ fún màmá àgbà ẹ.”

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ajé ni kò ti rẹ́rìn-ín.

Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà lé Dádì lọ́wọ́.