Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Tó Ẹni Méjì

Nígbà tí Àkànmú fa fíìmù náà jáde nínú omi tó fi fọ̀ ọ́, ó rí i pé àga kan ṣófo. Kẹ́hìndé jókòó lápá òsì, ó hàn kedere títí dé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Lápá ọ̀tún, àga lásán ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Àkànmú fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà jókòó sórí àga ọ̀hún.

Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré ni. Ní Kétu, wọn kì í sọ pé ìbejì kú, wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́ igi. Èyí tó kù nílé ni wọ́n máa ń yà lẹ́ẹ̀mejì sórí fíìmù kan náà. Ayàwòrán á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á ya ọmọ lórí àga kìíní, á wá ṣí ìdajì kejì, á tún un yà lórí àga kejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dọ́gba, ìyá á rí ọmọ méjì. Sidonie, ìyá ìbejì, kò fẹ́ ti fóònù. Ó ní ohun tí ìka lè pa rẹ́, òun ò ní fi Táyé òun tó lọ ṣẹ́ igi sí i.

"Fíìmù yìí ti pẹ́ nílẹ̀," Àkànmú sọ fún un. "Ìmọ́lẹ̀ ni kò jẹ tó. Ẹ mú ọmọ padà wá."

Lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́ kí ojú kámẹ́rà pẹ́ ní ṣíṣí fún àga ọ̀tún, ó sì jẹ́ kí fíìmù pẹ́ nínú omi. Òjìji kan yọ lórí àga náà, ó ní orí, ó ní èjìká. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé apá òsì ti ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó bá pẹ́ nínú omi, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń ki, apá kan kì í dá ṣá.

Nígbà tí Sidonie padà wá wo fíìmù náà, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti kúrò ní ẹni à ń pọ̀n.

"Kí ló ṣe é?"

"Ara rẹ̀ ń tutù," ni Sidonie wí jẹ́jẹ́. Kò wo ọmọ, fíìmù ló ń wò. "Táyé mà ń bọ̀."

Àkànmú gbé fíìmù náà sílẹ̀. "Ìyá ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yìí ò tó ẹni méjì. Ohun tí mo ń bù fún ọ̀tún, ara òsì ni mo ti ń bù ú."

"Àbí ọwọ́ yín ò ká iṣẹ́ mọ́ ni, Bàbá? Wọ́n kúkú ti ń sọ ọ́ láàárín ìlú."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn, ó sì tún gbé kámẹ́rà. Ọmọ náà ò lè dá jókòó mọ́, ìyá rẹ̀ ló dì í mú láti ẹ̀yìn.

Iná pupa inú yàrá òkùnkùn kì í ba irú fíìmù yìí jẹ́, nítorí náà Àkànmú ń rí gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń yọ nínú omi. Bó bá tètè fà á jáde, Táyé á wà ní òjìji, ara Kẹ́hìndé á sì yá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ń yọ, ó ń yọ lẹ́wà, òun ò sì fọ fíìmù tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi í sílẹ̀ sínú omi.

Nígbà tó jáde nínú yàrá náà, ọmọ náà ti dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọkàn Àkànmú balẹ̀.

"Kẹ́hìndé!"

Ọmọ náà ò wẹ̀yìn. "Táyé ni mò ń jẹ́," ó wí.

Àkànmú yíjú sí Sidonie, kí àwọn méjèèjì lè jọ figbe ta. Sidonie ń tún gèlè rẹ̀ wé, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Wọn ò sọ ọmọ tó ni ín.

"Ẹ ṣé o, Bàbá. Èyí tí mo fẹ́ràn lẹ dá padà fún mi."

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Àkànmú wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tí omi fíìmù ti sọ di dúdú, kò sì rí èyí tí kò ṣẹ̀.